Méjìlá Nínú Méjìlá, Bàbá Wùnmí

Bàbá Wùnmí, ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ ti lọ. Ọdún mẹ́ta gbáko! N kò wá sunkún lọ́dún yìí. Inú ló ń bí mi, ẹ̀yin ni mo sì fẹ́ fẹjọ́ sùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé. Wùnmí ti wọ yunifásítì ní College Park, níbí ní Amẹ́ríkà. Tí aṣọ rẹ̀ bá dọ̀tí nìkan ló máa ń rántí ilé. Dèjì ti ga jù mí lọ. Yàrá ìsàlẹ̀ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kan pákó sí nínú ilé wa ní Springdale, a ti parí rẹ̀, àga yín sì wà níbẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Kò sẹ́ni tó ń jókòó lé e.

Ó yá, ẹjọ́ mi rèé. Ẹ rántí ẹ̀jẹ́ tí ẹ jẹ́ níwájú ìjọ lọ́jọ́ ìkórè? Ẹ ní lọ́dún tí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ẹ ti kàwé bá gba ife ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré yẹn, ẹ ó wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé wọn, ẹ ó sì jó láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé iwájú pẹpẹ. Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́rìnlá lẹ fi retí ife yẹn, ikú kò jẹ́ kí ẹ rí i. Ẹ̀jẹ́ náà wá di tèmi.

Wọ́n ṣe é lọ́dún yìí! Èmi tí mo máa ń sá lọ sí ilé ìdáná tí ẹ bá ti ń pariwo, èmi náà ni mo ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga yín ní gbogbo Sátidé. Rasaq ọ̀rẹ́ yín ń wá láti Landover bó ti máa ń ṣe, ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò fìdí rẹmi. Ọ̀sẹ̀ náà kò dé. Wọ́n gbá mọ́kànlá, wọ́n borí mọ́kànlá. Lọ́jọ́ kejì ọdún tuntun, wọ́n tún borí nínú ìkejìlá.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe. Nílé wa ní Nàìjíríà, ẹni tó bá na gbogbo ènìyàn ló ni ife. Kí la tún ń bi ara wa? Wọn ò tíì kúrò lórí pápá tí mo ti pe alùfáà wa. Mo ní kó kọ orúkọ yín sílẹ̀ fún ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Àìkú ìrántí yín, pé èmi àti àwọn ọmọ yóò jó wọlé nítorí ife. Mo pe gbogbo ẹni tí mo mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Dèjì gbé ìwé ìròyìn síwájú mi. Ó rọra ní, "Mummy, they voted."

Ìbò, Bàbá Wùnmí! Ìbò ni wọ́n fi ń pín ife yẹn! Àwọn akọ̀ròyìn àti àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ló dìbò pé ẹgbẹ́ mìíràn ló dára jù, ẹgbẹ́ tí tiwa kò bá pàdé rárá. Ọdún mẹ́rìnlá lẹ fi wo bọ́ọ̀lù yìí, ẹ kò sọ ọ́ fún mi rí. Àbí ojú ló ń tì yín?

Ẹ kò sí níbí nígbà June 12. Àwọn ará ilé ní Nàìjíríà dìbò, wọ́n kà á, ìjọba fagi lé e. Mo sunkún títí nígbà yẹn. Ní tibí, àwọn ọmọ yìí fi ara wọn borí, àwọn kan tí kò fẹsẹ̀ tẹ pápá fi ìbò gba ife lọ́wọ́ wọn. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà!

Alùfáà rọra wá bá mi, ó ní ká yọ ìdúpẹ́ náà kúrò, ká ṣe ìrántí nìkan. Mo fẹ́ gbà. Mo rò pé Rasaq ni yóò rẹ́rìn-ín jù, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ má cancel nǹkan kan. Ta ló nà wọ́n?"

Kò sẹ́ni tó nà wọ́n. Mo ní kí alùfáà pa "ife" rẹ́, kó kọ "méjìlá nínú méjìlá" síbẹ̀. Lánàá, mo wọ súwẹ́tà yín. Apá rẹ̀ gùn títí ó fi bo ọwọ́ mi. Wùnmí wà lọ́tùn-ún, Dèjì wà lósì, Rasaq tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú yín ń jó bọ̀ lẹ́yìn wa. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín sí yín lọ́jọ́ yẹn. A jó dé iwájú pẹpẹ. A ti san ẹ̀jẹ́ yín.

Mo ti gbé súwẹ́tà náà lé àga yín. Inú ṣì ń bí mi, mi ò ní purọ́. Kí wọ́n máa dìbò wọn lọ. Nínú ilé yìí, a kì í dìbò: ẹ̀yin la fẹ́ràn, ẹ̀yin la ń wá lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó lè jókòó sí àga yín.