Èèpo Kòkó Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fẹ́ Sun

                                        Ilé Àjàgbé,
                                        Aládé-Ìdànrè,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        6 Oṣù Kẹta, 1983.

Yẹ̀kínì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Kàtísínà? Mùíbàt ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé eruku ọyẹ́ ò dà wọ́n láàmú? Ara le níbí, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Látìgbà Kérésì, òjò ò kán sílẹ̀.

Ṣé o rántí ohun tí o sọ nígbà tí o wálé, pé lọ́dọ̀ yín tí òjò ti ṣọ̀wọ́n, wọn kì í da ìgbẹ́ ẹran àti pàǹtí nù, inú kòtò ni wọ́n ń kó o sí kó lè jẹrà, kí wọ́n tó fi gbin ọkà? Mo dán an wò. Mo kó èèpo kòkó, ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí kòtò. Omi tí a fi fọṣọ ni Olúbísí ìyàwó mi ń dà sí i. Ó di ilẹ̀dú, ó tutù dáadáa. A kó o yí ìdí àwọn ọmọ kòkó wa ká, wọn ò sì rọ.

Ẹ̀gbọ́n mi Ajíbádé, tí oko wa jọ pààlà, ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Wọ́n ní ẹni tó ń tọ́jú ààtàn, ejò ló ń sìn. Lọ́jọ́ tí mo lọ sí Ọ̀wẹnà, wọ́n gbé kẹrosíìnì àti ìṣáná dé etí kòtò. Olúbísí dúró níwájú wọn.

"Bàbá Olúlékè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo atẹ́gùn yìí. Ẹ má ṣáná sí i."

Inú bí wọn. Wọ́n padà sóko tiwọn, wọ́n sì dáná sun òkìtì èèpo tiwọn. Atẹ́gùn gbé iná náà. Kí àwọn ará oko tó fi ewé tútù pa á, gbogbo ọmọ kòkó ẹ̀gbọ́n mi ti jóná. Tiwa jó létí pààlà nìkan, torí ilẹ̀dú tútù dá iná náà dúró.

Yẹ̀kínì, inú mi ò dùn. Ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi. Wọn ò jáde nílé mọ́. Ilẹ̀dú tó kù ò lè tó oko méjì tí òjò bá pẹ́. Mo ń jókòó, mo ń dìde.

Láàárọ̀ yìí ni mo dóko, tí mo rí i pé Olúbísí ti ru ilẹ̀dú lọ sóko wọn láìbi mí. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbẹ́ kòtò bíi tiwa nínú eérú. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Tìmẹ́hìn, ṣé ó ti jìn tó?"

Mo ní ó kù díẹ̀. Mo gba ọkọ́ lọ́wọ́ wọn.

Òjò ò tíì rọ̀ o. A ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ bá wa ṣe é ní mọ́ṣáláṣí tiyín. Bá mi kí Mùíbàt àti gbogbo ará ilé.

Èmi tí a jọ dàgbà l'Áládé,
Olútìmẹ́hìn.