Agogo Tí Mo Rán Ọkọ Mi Kékeré

                                                  Yàrá Ìránṣọ, Àjà Kejì,
                                                  Ẹ̀gbẹ́ Ilé Ìfọṣọ,
                                                  Òpópónà Ìsàlẹ̀ Òkè.
                                                  Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kọkànlá.

Eyínfúnjowó, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ará ilé. Ṣé orúnkún màmá ti fúyẹ́ díẹ̀, àbí wọ́n ṣì ń bá àtẹ̀gùn jà láràárọ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àbígbẹ̀yìn rẹ tó máa ń wọ bàtà ẹlòmíràn lọ sílé-ìwé, ṣé ó ti ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó jáde báyìí? Mo gbọ́ pé ẹ ti kun ṣọ́ọ̀bù yín ní ọ̀dà tuntun. Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ rí èrè rẹ̀. Ǹ bá sọ pé àlàáfíà ni àwa náà wà, ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ni mo máa parọ́ fún.

Nínú lẹ́tà rẹ, o ní dókítà ti ní kí ọkọ rẹ máa gun kẹ̀kẹ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. O wá ní kí n sọ irú agogo kẹ̀kẹ́ tó dáa fún ọ, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní agogo nítorí ó jọ agogo ọrùn ọwọ́. O ní èyí tí owó rẹ̀ kò ní gún yín lára, tí kò sì ní já yín kulẹ̀. Ha! Ìbéèrè rẹ bọ́ síbi tó ń dùn mí gan-an. Jókòó dáadáa, ọ̀rẹ́ mi, nítorí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

O rántí bí bàbá àwọn ọmọ ṣe ṣubú sídìí tábìlì tó ti ń fá pákó, tí wọ́n ní ọkàn ni. Nígbà tí wọ́n dá wa sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, dókítà wa, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín rárá, ní kẹ̀kẹ́ gígùn kò burú, ó tilẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbọdọ̀ lù ju ọgọ́fà lọ ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá ti dé ibẹ̀, kó sọ̀ kalẹ̀. Ó sì yẹ kó lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀yìn òkè ni ṣọ́ọ̀bù àwọn káfíńtà wà, ọkọ̀ kò sì wù ú wọ̀. Ó ní kẹ̀kẹ́ ni ẹsẹ̀ òun. Láti ọjọ́ náà ni "ọgọ́fà" ti di ọ̀rọ̀ ilé wa. Bó bá sáré gun àtẹ̀gùn, màá ké "Ọgọ́fà!" Bó bá ń bá tẹlifíṣọ̀n jà nítorí bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọ á ké "Ọgọ́fà!" Òun náà á ní ariwo wa ló máa gbé òun débẹ̀.

A jọ lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ta kẹ̀kẹ́ ní ìkóríta. Ó tẹ́ àwọn agogo náà sórí aṣọ dúdú bí ẹni tó ń ta wúrà. Èyí tó wọ́n jù ń ya àwòrán ọ̀nà, ó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, ó tún ń sọ bóyá òjò máa rọ̀. Mo ní ọ̀nà wo? Ọ̀nà tí ọkọ mi ti ń gbà láti ìgbà àpọ́n? Bó bá sọnù lójú ọ̀nà yẹn, kì í ṣe agogo ló nílò. Èyí tí kò wọ́n rárá ni ọkọ mi gbé mọ́ra. Ìyẹn kàn ń ka bí táyà ṣe ń yí ni, kó lè sọ bí èèyàn ṣe sáré tó àti bó ṣe rìn jìnnà tó. Ó ní ìyẹn ti tó òun. Mo ní, "Bàbá, ṣé táyà ló ń ṣàìsàn ni?" Ọlọ́jà fọwọ́ bo ẹnu, ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo dá a padà sórí aṣọ dúdú.

Èyí tó wà láàárín ló wọ̀ mí lójú. Ó ní bẹ́líìtì kan tí wọ́n ń dè mọ́ àyà lábẹ́ aṣọ, bẹ́líìtì yẹn ló ń gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù, tí yóò sì fi í hàn lójú agogo. Ìwọ lo máa sọ iye tí kò gbọdọ̀ kọjá fún un. Bó bá kọjá, iná pupa á tàn, á sì dún. Kò mọ ọ̀nà, kò mọ òjò, ọwọ́ wa sì tó o. Àmọ́ ẹnìkan ti sanwó èyí tó wà lórí àtẹ, ọlọ́jà ní òun máa kó òmíràn dé.

Ibí yìí gan-an ni mo ti fi ẹnu mi dá ọ̀ràn. O mọ ọkọ mi kékeré, àbúrò bàbá àwọn ọmọ tó ń wa ọkọ̀ búrẹ́dì. Ó máa ń gba ìkóríta yẹn kọjá. Mo pè é lórí fóònù níbi tí mo ti ń gán aṣọ, abẹ́rẹ́ kún ẹnu mi, n kò sì lè sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ bá wa ra agogo kẹ̀kẹ́ yẹn bọ̀ o. Kó ṣáà ti dún dáadáa, ẹ mọ̀ pé ariwo ayùn ti di ẹ̀gbọ́n yín létí." Ó ní kò sí wàhálà, ìyàwó.

Kí ló gbé wọlé? Agogo! Agogo tí wọ́n ń tẹ̀, èyí tí ń ké kín-ín-rín kí àwọn èèyàn lè yà lọ́nà. Idẹ ni, ó tóbi bí ìlàjì ọsàn. Ó tẹ̀ ẹ́ ní pálọ̀ wa, ọmọ ìkókó ilé kejì sì fi igbe ta. Orí mi gbóná. Mo ní bí wọ́n bá rán èèyàn níṣẹ́ ẹrú, ó yẹ kó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo ní ta ló ń fi irú èyí gbọ́ ọkàn ní gbogbo ayé? Ó wò mí, ó ní, "Ìyàwó, ẹ ní agogo, ẹ ní kó dún. Èwo ni mo ṣì níbẹ̀?" Bàbá àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo àyà rẹ̀. Mo ní kí wọ́n lọ dá a padà kíákíá, pé n kò fẹ́ rí i. Kí ọkọ mi kékeré tó tún kọjá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fi sikiriú de agogo náà mọ́ kẹ̀kẹ́, ó ní ohùn rẹ̀ wu òun.

Èmi fúnra mi ni mo lọ ra èyí tí mo fẹ́. Mo wò ó bóyá nọ́ńbà rẹ̀ tóbi tó kó lè kà á láìsí jígí. Mo bèèrè bátìrì rẹ̀, irú ti agogo ọwọ́ ni, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń tà á. Mo ní kí ọlọ́jà da omi sí i níṣojú mi, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé ohùn rẹ̀ kò ju ti òròmọdìyẹ lọ. Ṣùgbọ́n iná pupa rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì sọ fún ara mi pé ojú ọkọ mi kò tíì di.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé kẹ̀kẹ́ jáde, kùrukùru bolẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kó di ọ̀la. Ó ní òun ti jókòó sílé tó. Mo de bẹ́líìtì náà mọ́ ọn láyà, mo ní kó pè mí bó bá ti dé ṣọ́ọ̀bù. Mo jókòó sídìí maṣíìnì, mo ń rán ohun tí n kò rí. Ìpè kò wọlé. Mo pe fóònù rẹ̀, kò lọ. Mo pe ẹnìkejì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun rò pé kò ní wá mọ́ ni.  Mo fi maṣíìnì sílẹ̀ pẹ̀lú tẹ́ẹ̀pù ìwọnṣọ lọ́rùn, mo sì sáré kọrí sí òkè.

Kùrukùru yẹn pọ̀ débi pé n kò rí ẹsẹ̀ ara mi dáadáa. Mo ń pè é, ohùn mi kò lọ síbì kankan. Mọ́tò méjì kọjá, wọn kò dúró. Ẹ̀rù bà mí, n kò fi bò fún ọ, mo ti ń ro ohun tí màá sọ fún àwọn ọmọ. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ. Kín-ín-rín. Ó dákẹ́. Mo dúró gbagidi. Kín-ín-rín, láti apá òsì, nísàlẹ̀. Bí mo bá rìn síwájú, á dún lẹ́yìn mi, màá sì padà. Báyìí ni mo ṣe tọ ohùn agogo tí mo bú títí mo fi dé inú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tí mo bá ọkọ mi níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ funfun, àtàǹpàkò rẹ̀ lórí idẹ.

Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Ní ìdajì òkè ni iná pupa tàn. Ó ní ó wu òun kí òun ṣe bí ẹni tí kò rí i, pé ó kù díẹ̀ kí òun dé orí òkè, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ojú mi ló ń wo òun nínú iná yẹn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń ti kẹ̀kẹ́, iná kò kú. Ó ní kí òun yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan jókòó, òòyì kọ́ ọ, òun àti kẹ̀kẹ́ sì yí sínú kòtò. Fóònù ti bọ́ sínú omi. Ó fẹ́ kígbe, ohùn kò jáde. Ìka kan ló ṣì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà tí kì í rẹ́rìn-ín ní bó bá gun kẹ̀kẹ́ dé orí òkè ni, òkú la ò bá gbé. Ó tún ní bó bá pẹ́ sí i nínú òtútù kòtò yẹn, ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ ì bá já sí. Ọkọ mi kékeré sáré dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, ìyẹ̀fun lára rẹ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wò mí, ó ní, "Ìyàwó, agogo yẹn ńkọ́? Ṣé kí n lọ dá a padà?" Mo bú sẹ́kún níbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì rò pé ó ti kú ni.

Ó ti wà nílé báyìí, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò tíì balẹ̀. Ọ̀la la máa lọ gbọ́ bóyá wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún un àbí oògùn á tó. Bá mi gbàdúrà, jọ̀ọ́.

Ní ti ìbéèrè rẹ, má sanwó àwòrán ọ̀nà fún ẹni tó mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Má sì ra èyí tó ń ka táyà nìkan. Ra èyí tó ní bẹ́líìtì àyà, kí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi, kí iná rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí o bá fẹ́ rán ẹnikẹ́ni, yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu kí o tó sọ̀rọ̀, má sì pè é ní agogo. Tàbí kí o pè é bẹ́ẹ̀, kí o gba ohunkóhun tí wọ́n bá mú dé, kí o sì lọ fẹsẹ̀ ara rẹ ra èkejì.

Bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi kí màmá, fi ẹnu kan àwọn ọmọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún mi. A ti tú agogo idẹ náà kúrò lára kẹ̀kẹ́, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà. Bó bá fẹ́ omi, á tẹ̀ ẹ́; bó bá fẹ́ kí n ṣí fèrèsé, á tẹ̀ ẹ́; bí kò bá tilẹ̀ fẹ́ nǹkan kan, á ṣáà tẹ̀ ẹ́, ó sì ń bí mi nínú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ojú ewé yìí, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ti dá kálàmù dúró lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti ké sí i láti ibí pé, "Bàbá, ẹ tẹ agogo!"

Ó ti dún. Jẹ́ kí n lọ wo ohun tó ń fẹ́.

Tìrẹ ni mo jẹ́, lójò, lẹ́ẹ̀rùn,

Abẹ́rẹ́