Ìyá Mi Dìbò ní Àbíjàn

Ọjọ́rú, 1 oṣù Kẹwàá 2025

Ọlidé òmìnira. Kò sí iléèwé. Mo gbá yàrá Màmá, mo nu fèrèsé, mo pààrọ̀ aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì. Kò tíì sí ẹni tó sùn níbẹ̀ rí láti ìgbà tí a ti kó wọlé yìí. Màmá, olórí-kunkun mi, ò mọ̀ pé mo ní yàrá kan sílẹ̀ dè wọ́n. Tí mo bá sọ fún wọn, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi mí rín.

Ìbò ààrẹ Kódífúà, níbi tí wọ́n ń gbé, ku ọjọ́ mẹ́rìnlélógún. Mo fẹ́ kí wọ́n ti wà ní Ìwó kó tó pé.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 oṣù Kẹwàá

Mo pe Màmá lẹ́yìn Jímọ̀. Wọ́n ní òjò ń rọ̀, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, ọjà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀ nílé. Wọ́n ní ta ló máa bá wọn ta aṣọ? Mo ní kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa. Wọ́n wá bi mí bóyá mo ti jẹun. Bí wọ́n ṣe máa ń yí ọ̀rọ̀ padà nìyẹn.

Àbíjàn tí wọ́n wà yẹn ni wọ́n bí mi sí. Àdúgbò Àjàmé, ẹ̀gbẹ́ ọjà. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní 2002, tí wọ́n fi mí sínú bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ wálé pẹ̀lú àbúrò bàbá mi obìnrin. Bàbá àti Màmá dúró. Wọ́n ní ọdún kan péré. Bàbá kú síbẹ̀ ní 2012. Màmá wá síbi ìgbéyàwó mi ní 2016, wọ́n lo ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n sì padà. Látìgbà náà, orí fóònù nìkan ni.

Èdè Faransé tí mo gbé bọ̀ ni mo fi di tíṣà. Òun nìkan ni mo rí mú kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 5 oṣù Kẹwàá

Kọ́ládé wà nílé. Báńkì ní Òṣogbo ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan la máa ń rí ara wa. Ó bi mí pé kí ló dé tí èmi náà ò lọ kí Màmá. Mo ní àwọn ọmọ ń kọ́? Iṣẹ́ ń kọ́? Ó ní ọlidé Kérésì ń bọ̀.

Òótọ́ ibẹ̀ — ẹ̀rù ń bà mí. Mo ṣì ń rántí òórùn dòdò tí wọ́n ń dín lẹ́bàá títì, àti ohùn àwọn ọmọkọ̀ tó ń pe èrò ní Àjàmé. Tí mo bá débẹ̀ tí n kò rí ìkankan mọ́ ń kọ́?

Ọjọ́ Ẹtì, 10 oṣù Kẹwàá

Ìpolongo bẹ̀rẹ̀ lónìí lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn ìrun Alásàrí ni Alhaja Ayọ̀ọlá wọlé tọ̀ mí wá, ìyá tó ń ta gàrí ní ọjà Odò-Ọ̀rì, tí ilé wọn kan tiwa. Abdulafeez ọmọ wọn ń ta pààtì mọ́tò ní Àbíjàn. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá wọn gbọ́ ohun tí rédíò Faransé ń sọ, torí tí àwọn bá pe Abdulafeez, "ara le" nìkan ló ń wí.

Kò pẹ́ ni Bàbá Mo-Sọ-Bẹ́ẹ̀ náà dé. Bàbá Ògúnníyì ni mo ń pè bẹ́ẹ̀ nínú ìwé yìí, torí "mo sọ bẹ́ẹ̀" kì í wọ́n lẹ́nu wọn. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n lò ní Kódífúà kí àwọn kan tó jó ṣọ́ọ̀bù wọn nínú ìjà ìbò 2011. Wọ́n ní àwọn gbọ́ Faransé ọjà, ti rédíò ló yára jù fún àwọn. Wọ́n jókòó, wọ́n ní ìbò yìí náà ò ní lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Alhaja ní kí wọ́n má fi ẹnu wọn pè é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù Kẹwàá

Èrò márùn-ún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi lónìí. Mo ti di rédíò.

Rédíò ní àwọn kan fẹ́ wọ́de torí pé wọ́n yọ orúkọ àwọn olùdíje kan, ọlọ́pàá sì fi tajútajú tú wọn ká. Mo túmọ̀ rẹ̀ pé, "Àwọn kan fẹ́ wọ́de, ọlọ́pàá ní kí wọ́n máa lọ sílé." Alhaja ní alhamdulillahi. Bàbá Mo-Sọ-Bẹ́ẹ̀ wò mí. Bí rédíò ṣe yára tó, wọ́n gbọ́ ohun tí mo fò.

Ọjọ́bọ̀, 16 oṣù Kẹwàá

Kúnmi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí ní yàrá àwọn olùkọ́: ìbò ìlú onílùú ló ń gbé mi lọ́kàn tó báyìí, nígbà tí tiwa ń bọ̀ ní 2027? Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ fún un pé mi ò mọ èyí tó jẹ́ ìlú onílùú nínú méjèèjì.

Ọjọ́ Àìkú, 19 oṣù Kẹwàá

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè kọ ọ́.

Mo ti wádìí bọ́ọ̀sì tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo pe Màmá, mo ní kí wọ́n kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, kí wọ́n jókòó tì mí fún oṣù kan péré, kí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀. Wọ́n wá ní, "Sodiqat, mi ò lè wá. Mo fẹ́ dìbò."

Mo ní ìbò wo? Wọ́n ní ti Sátidé. Wọ́n ní àwọn ní káàdì. Mo ní ọmọ Ìwó, ọmọ agboolé wa, báwo ló ṣe ní káàdì ìbò Kódífúà? Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìwé ni, ó gùn, àwọn máa ṣàlàyé nígbà tó bá yá.

Ogójì ọdún ó lé ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Kí ni mo rò? Pé wọ́n jókòó sórí báàgì wọn láti ọjọ́ yìí wá, tí wọ́n ń dúró de ìgbà tí mo bá pè?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí mo rò gan-an nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 23 oṣù Kẹwàá

Wọ́n ní bọ́ọ̀sì kan kó àwọn tó ń sá fún ìbò dé sí Ilé-Ogbó, ìlú tó wà nítòsí wa, láàárọ̀. Bí iléèwé ṣe parí, mo gun ọ̀kadà lọ. Mo mọ̀ pé Màmá ò sí níbẹ̀. Mo ṣáà lọ.

Ẹrù ṣì wà nílẹ̀, àwọn obìnrin jókòó lé e. Mo ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Ọ̀kan bi mí pé ta ni mò ń wá. Mo ní ìyá mi. Ó ní orúkọ wọn? Mo sọ ọ́. Ó ní àwọn ò jọ wọkọ̀. Ó ní kí n má bẹ̀rù, ìlú dákẹ́, pé ìbẹ̀rù ló lé àwọn bọ̀, ẹnì kan ò lé àwọn. Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ní ọmọ náà ti ń sunkún láti ẹnu ibodè, ó fẹ́ padà sílé.

Sílé. Àbíjàn lọmọ yẹn ń wí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 oṣù Kẹwàá

Mo pe Màmá ní ìgbà mẹ́tàdínlógún. Fóònù ò lọ.

Ní 2011, ọjọ́ mọ́kànlá ni n kò fi gbọ́ ohùn wọn.

Ọjọ́ Àìkú, 26 oṣù Kẹwàá

Alhaja ti bá Abdulafeez sọ̀rọ̀. Ara ẹ̀ le, kò tilẹ̀ jáde. Síbẹ̀ wọ́n wá jókòó tì mí. Bàbá Mo-Sọ-Bẹ́ẹ̀ náà wá, wọn ò sọ̀rọ̀ ìbò rárá, wọ́n kàn ń ka tẹ̀súbáà wọn.

Ní agogo márùn-ún kọjá díẹ̀, mo tún pe Màmá, fóònù wọlé. Mo ti tẹ̀ ẹ́ sórí ohùn gbangba kí gbogbo wa lè gbọ́. Ọkùnrin kan ló gbé e. Ohùn àgbà, tó ń lọ́ra. Mo fi Faransé béèrè Màmá. Ó ní wọ́n ti lọ kírun, iná ò sí ládùúgbò láti àná, ìsinsìnyí ni fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó ní wọ́n dìbò, wọ́n padà bọ̀, ara wọn dá.

Mo ní ta ni ń sọ̀rọ̀?

Ó ní, "Èmi ni ọkọ wọn. Ṣé Sodiqat nìyẹn?" Faransé ni ó fi sọ ọ́, àmọ́ ó pe orúkọ mi bí àwọn ará ilé wa ṣe ń pè é.

Alhaja ń fà mí láṣọ. Kí ló wí? Kí ló wí?

Mo ní, "Ó ní ara wọn dá. Wọ́n lọ kírun." Alhaja bú sẹ́kún ayọ̀ nítorí mi. Bàbá Ògúnníyì dìde. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀, Faransé ọjà ni. Wọ́n ní kí Alhaja jẹ́ kí n sinmi, wọ́n mú wọn jáde. Àwọn fúnra wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Tíṣà, ohun tí mo gbọ́, mi ò gbọ́ ọ." Wọ́n lọ.

Mi ò ní pè wọ́n ní Mo-Sọ-Bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 27 oṣù Kẹwàá

Wọ́n ka èsì. Ẹni tó wà lórí àlééfà náà ló tún wọlé. Mi ò pe Màmá. Wọn ò pè mí.

Ọjọ́rú, 29 oṣù Kẹwàá

Màmá pè. Wọn ò kí mi, wọ́n kàn ní, "O ti bá a sọ̀rọ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n sọ ọ́ látòkè délẹ̀. Kúàsí ni orúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ló ti fẹ̀yìn tì. Ní 2011, nígbà tí ìbọn ń dún, yàrá rẹ̀ ni ó fi Màmá àti Bàbá pamọ́ sí fún ọjọ́ mọ́kànlá. Nígbà tí Bàbá kú, òun ló bá wọn gbé òkú. Ní 2018 wọ́n lọ fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó ní ọ́fíìsì ìjọba, ibẹ̀ sì ni ìwé ọmọ onílùú ti wá. Kúàsí ò kírun rí. Wọ́n mọ ohun tí agboolé máa wí. Wọ́n ní àwọn ń wá ọjọ́ tí ó rọrùn láti sọ fún mi, ọdún méje ti lọ.

Àrùn rọpárọsẹ̀ mú un ní ọdún tó kọjá. Apá òsì ò gbé mọ́. Wọ́n fi taksí gbé e lọ dìbò, àwọn náà tò lẹ́yìn rẹ̀. Mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n dìbò fún. Wọ́n ní obìnrin kan ni, kò sì wọlé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu wọn. Wọ́n ní ìgbà àkọ́kọ́ láyé àwọn nìyẹn tí ẹnì kan máa bi àwọn ní ohun tí àwọn ń fẹ́, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n ní, "Ṣé o bínú?"

Mo ní rárá, mà. Irọ́ ni. Mo sunkún nílé ìdáná.

Ọjọ́ Àìkú, 2 oṣù Kọkànlá

Mo ti ro ó láti Ọjọ́rú. Mo sọ fún Kọ́ládé lánàá. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní ẹni tó bá fi òbí mi pamọ́ fún ìbọn, àwa la ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo pè lónìí, mo ní kí Màmá gbé fóònù fún Kúàsí. Mo fẹ́ dúpẹ́ ni. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ jìnnà. Ó ní òun mọ̀ pé mò ń pe ìyá mi wálé, òun máa ń gbọ́ ọ nígbàkúùgbà tí mo bá pè. Ó ní ìyá mi kì í sọ fún òun pé àwọn fẹ́ lọ, àmọ́ tí òjò bá ń rọ̀, wọ́n á máa dárúkọ àwọn ibì kan nílùú wa, Kuta, Olúpọ̀nnà, bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ. Ó ní òun ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ kí Màmá gbọ́.

Ó ní, "Tí mo bá kú, tìẹ ni wọ́n. Mo kàn ń bẹ̀ ọ́ pé kí o fún mi ní àkókò díẹ̀ sí i."

Ó ń dúró. Mo gbọ́ bí ó ṣe ń mí.

Mo ní kí ẹ̀mí yín gùn, bàbá. Faransé ni mo fi sọ ọ́. Lẹ́yìn tí fóònù ti já, mo tún un sọ ní Yorùbá, fún ara mi nìkan, kí n lè mọ̀ bóyá mo lè ṣàmín sí i.

Mo ṣàmín sí i.