Ìpéré Ara Ògiri

Bàbá Treasure mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìgbòho níbí. Ṣé ẹ ń jẹun? Ṣé Ìfọ́n ti rọlẹ̀?

Ara wa le. Ọjọ́ tí ìjà ilẹ̀ Ìfọ́n àti Ìlobù dé, tí ẹ ní kí èmi ọmọ Ìlobù yára gbé Treasure kúrò nílùú, ọkọ̀ jù wá sókè sódò díẹ̀, ṣùgbọ́n a gúnlẹ̀. Ilé tí ẹ̀gbọ́n mi fi wá sí dára. Òrùlé rẹ̀ nìkan ni kò tíì pé, nítorí náà afẹ́fẹ́ kò wọ́n wa.

Òjò rọ̀, ìpéré wá bo gbogbo ara ògiri, àwọn kéékèèké tí a máa ń dà fún pẹ́pẹ́yẹ nílé. Treasure ṣà á kún abọ́, mo fi iyọ̀ fọ̀ ọ́, mo sè é. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, ó dùn.

Mo rántí bí màmá yín ṣe gba àwo ìgbín lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́ pé mo tún lóyún lẹ́yìn Treasure. "Aboyún kì í jẹ ìgbín, ìyàwó! Àbí ọmọ tí itọ́ yóò máa dà lẹ́nu rẹ̀ lo fẹ́ bí fún wa?" Mo ní ìpéré ńkọ́? Wọ́n ní ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Èmi àti Treasure la jọ jẹ ẹ́ lánàá. Mo lá ọwọ́ mi.

Ẹ bá mi kí màmá. Ẹ ní kí wọ́n fi fìlà ọmọ tí wọ́n ń hun sílẹ̀, òwú ti wọ́n jù. Kí ẹ sì sọ fún wọn pé n kò rú èèwọ̀ o, aboyún nìkan ló wà fún.

Èmi ni,
Ọ̀ṣunfúnkẹ́ yín.