Èjìká Mi àti Ọmọ Tí À Ń Retí

Safiyat ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Ìbàdàn, ṣé oyún náà kò yọ ọ́ lẹ́nu jù? Kí Ọlọ́run jẹ́ kí wíwú ẹsẹ̀ rẹ lọ sílẹ̀. Àwa náà wà ní Ọ̀fà bí o ṣe fi wá sílẹ̀, bàbá rẹ ń kí ọ, ewúrẹ́ ti bí ìbejì, òjò sì ti gbé páànù kan lọ lórí ilé ìdáná.

Lẹ́tà ni mo kọ nítorí nígbàkúùgbà tí mo bá pè ọ́, ńṣe lo máa ń jẹ́ kí ohùn mi jáde síta tí gbogbo ilé á máa gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kí ìyá ọkọ rẹ gbọ́.

O rántí pé ìwọ lo ní ẹni tí kò bá gba abẹ́rẹ́ kòrónà kò ní fọwọ́ kan ọmọ rẹ. Mo lọ gbà á. Ọmọkùnrin tó ń gún un kò ju Sódìq àbúrò rẹ lọ, bùbá tí mo wọ̀ sì há lápá, kò ṣeé ká sókè, mi ò sì lè bọ́ra níwájú ọmọ ọlọ́mọ. Mo kàn fa ọrùn bùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ lábẹ́ hìjáàbù, mo ní kí ó gún ibi tí ó bá rí. Ibi tí ó rí náà ló gún, lókè téńté èjìká òsì. Láti ọjọ́ náà, apá yẹn kò gòkè mọ́. Mi ò lè wé gèlè, bí mo bá sì fẹ́ kírun, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ń dé etí.

Wọ́n fún mi ní káàdì kan tó ní àwòrán onígun mẹ́rin, dúdú wínniwínni, irú èyí tí wọ́n ń fi fóònù yẹ̀ wò. Mo rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ya ọ̀nà tí oògùn náà gbà sí, mo bá ń gbé e lé ibi tó ń dùn mí. Ọjọ́ tí a rí ara wa lórí fóònù, tí o ní kí n fi èjìká hàn ọ́, mo tẹ fóònù mọ́ ọn dáadáa kí o lè rí egungun. O ní òkùnkùn nìkan lo ń rí. Safiyat, ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n lè jẹun. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Bí inú èjìká mi bá ti ṣókùnkùn, kí ló kù?

Mo tọ dókítà lọ, obìnrin ni, Susannah ni wọ́n ń pè é. Ó ní kí n ṣe bí mo ṣe ṣe lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ kí òun rí i. Mo fa ọrùn bùbá. Ó ní oògùn náà kò ní ẹ̀bi, ẹran apá nísàlẹ̀ ló yẹ kí wọ́n gún, oríkèé ni wọ́n gún. Ó ní yóò san, ṣùgbọ́n ó máa pẹ́, kí n máa fi ìka gun ògiri láràárọ̀. Bàbá rẹ bá mi lẹ́nu rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó béèrè bóyá alángbá lòun fẹ́ sílé.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sinmi ni ìwẹ̀ ọmọ. Mo fi tówẹ̀lì wé iṣu kan, mo na ẹsẹ̀, mo ní kí n gbé e sókè kí n gbọ̀n ọ́n bí a ti ń gbọn ọmọ tuntun. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi, ó ṣẹ́ sí méjì. Bàbá rẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Safiyat, iṣu nìyẹn o."

Mo ti fẹ́ sọ fún ọ pé kí o má pe Alhaja Ràfátù, ìyá ọkọ rẹ, sí ìwẹ̀ ọmọ kí n tó dé, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ wẹ ọmọ ló máa ń sọ kiri pé òun lòun tẹ orí rẹ̀ tó fi rí rogodo. Ṣùgbọ́n pè wọ́n. Kí wọ́n gbé ọmọ náà, kí wọ́n gbọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ. Èmi á jókòó tì wọ́n, n óò máa fi ọwọ́ ọ̀tún bu omi. Bí wọ́n bá ń ṣe é lódì, n óò sọ.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, àti èyí tí n óò fi ra ìpara tí dókítà kọ, sínú fóònù Àmínát aládùúgbò wa. Ọ̀sán ni kí o fi ránṣẹ́ o, fóònù rẹ̀ máa ń kú lálẹ́, kí owó má baà sùn síta.

Kí Ọlọ́run sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, kí ó dá ọmọ náà sí fún wa. Tí wọ́n bá ti wẹ̀ ẹ́ tán, ẹ gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ kò dùn mí.

Ìyá rẹ,
Fatimah