Orí Àlùjọ̀nnú Rẹlẹ̀ Lálẹ́ Jímọ̀

Ọjọ́ Ajé, 3 Nòfẹ́ńbà 1980

Sàláúdéènì ọmọ mi tún gun òrùlé lọ lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Òun àti Ousmane, ọmọ Zarma tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wo ojú ọjọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú Niamey níbí. Sàláúdéènì yìí, olùkọ́ ìṣirò, irùngbọ̀n ti kún, kò níyàwó — ìràwọ̀ ló ń fẹ́. Jùmẹ́lì kan ni wọ́n jọ ń gbé sójú, awò olójú méjì yẹn. Ó ní àwọn ìràwọ̀ kan wà tí ìmọ́lẹ̀ wọn kì í dúró sójú kan, tó ń pọ̀ tó ń dín. Wọ́n á fi wọ́n wé àwọn tí kì í yí padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n rí ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ kan ní Faransé. Lọ́fẹ̀ẹ́.

Bàbá wọn ò bá iṣẹ́ náà jà. Orúkọ rẹ̀ ló ń bá jà. Ní Ìlọrin tiwa, ẹni tó bá ń "wo ìràwọ̀" ni alfa tó ń ka orúkọ èèyàn mọ́ ti ìyá rẹ̀ láti sọ ẹni tó máa fẹ́ àti ọjọ́ tó máa kú. Láti ìgbà èwe ni Bàbá wọn ti ń wáàsí lòdì sí wọn.

"Ẹ má sọ ọ́ nílé mi mọ́."

"Kí la ó wá pè é, Bàbá?"

"Ẹ pè é ní ìṣirò. Àbí kì í ṣe ìṣirò ni?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Nòfẹ́ńbà

Wòsílátù, ọmọ mi obìnrin, tún dá ọ̀rọ̀ àtilọ ṣiṣẹ́ ní Àrílì sílẹ̀. Wọ́n ń wá obìnrin tó lè fi ẹ̀rọ tẹ̀wé níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà yùrénìọ́mù. Owó ibẹ̀ ń gún àwọn ọmọ yìí ní kẹ́sẹ́. Ọmọbìnrin tó ti gbó tó báyìí, láìlọ́kọ, láàárín aṣálẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Nòfẹ́ńbà

Sàláúdéènì ń wúkọ́ lórí òrùlé. Mo gbé aṣọ òtútù gòkè fún un, ó gbé jùmẹ́lì sí mi lójú. Ìràwọ̀ kan báyìí, funfun. Ràásù l-gúùlì lorúkọ rẹ̀ lédè Lárúbáwá — Orí Àlùjọ̀nnú. Mo fẹ́ sọ jùmẹ́lì sílẹ̀, ọmọ burúkú yìí ń rẹ́rìn-ín mi.

Ó ní ìràwọ̀ méjì ni, wọ́n ń yí ara wọn ká. Èyí tó dúdú bá ti gba iwájú ìkejì, ìmọ́lẹ̀ á wálẹ̀. Lálẹ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni yóò rẹlẹ̀, yóò sì gòkè padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìgbà tí ọkọ̀ máa gbéra.

Orí mi wú. Èmi ni mo bí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Nòfẹ́ńbà

Mo wà ní ìsọ̀ mi lọ́jà Katako. Ọjà ò yá. Ẹlẹ́rìn-ín wá — Hajia Zubaidat, ìyàwó kàpítéènì sójà kan, oníbàárà mi tó máa ń rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ á fi yẹ̀. Ó ń tú aṣọ gíní wò, ó bi mí léèrè àwọn ọmọ. Háúsá ni a ń sọ. Mo fi Sàláúdéènì yangàn. Mo ní ó ń *duba* àwọn ìràwọ̀. *Duba*, ìyẹn ni "wò" lọ́dọ̀ wọn. Ó ní kí ló wá rí. Mo ní *babba* kan, ńlá kan, máa rẹlẹ̀ lálẹ́ Jímọ̀. Ó ní *babba* wo? Mo ní orúkọ rẹ̀ ń ba èèyàn lẹ́rù, kí n má dárúkọ rẹ̀ lọ́jà.

Àwàdà ni mo fi ṣe. Kò rẹ́rìn-ín. Kò ra nǹkan kan. Bóyá gíní náà ló wọ́n.

Ọjọ́bọ̀, 13 Nòfẹ́ńbà

Wọ́n ti mú Sàláúdéènì.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì. Jíìpù. Sójà mẹ́ta. Bàbá wọn ń kọ́ àwọn ọmọ kéú lójúde, wàláà ṣubú lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kí i ní "Màlámù" pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n sì gbé ọmọ rẹ̀ kọjá níwájú rẹ̀. Wọ́n gbé jùmẹ́lì náà. N kò sunkún. Bàtà rẹ̀ ọ̀kan tó kù lẹ́nu ọ̀nà ni mo mú dání, n ò mọ ìdí.

Wòsílátù ló lọ bá wọn ní bárékè, nítorí Faransé tirẹ̀ dán ju tiwa. Ó dé pẹ̀lú ojú tí n kò rí rí.

"Màmá, wọ́n ní ta ló ń *duba* fún. Wọ́n ní ta ni *babba* tó máa ṣubú lọ́jọ́ Jímọ̀. Wọ́n ní ẹnu ìyá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá."

Mo ní ìràwọ̀ ni mo sọ, kì í ṣe èèyàn.

"Gbogbo ọdún tẹ́ ẹ ti ń tajà ní Niamey, ẹ ò mọ *mai duba*?"

Mo mọ̀ ọ́n. Ta ni kò mọ aríran? Yorùbá ni mo rò nínú, Háúsá ló bá ẹnu jáde. *Babba* sì ni ńlá, òun náà ni ọ̀gá. Nínú ìlú tí sójà ń ṣèjọba, tí a kì í dárúkọ ọ̀gá kankan níta, èmi ni mo lọ sọ fún ìyàwó sójà pé ọmọ mi ti rí i pé ọ̀gá kan máa wálẹ̀.

Ousmane ti sá lọ sí ìlú Dọ́sọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀, 14 Nòfẹ́ńbà

Bàbá wọn gun òrùlé. Kò gùn ún rí. Mo tẹ̀ lé e gòkè, a jọ dúró. Mo bẹ ìràwọ̀ náà kó má rẹlẹ̀, Ọlọ́run forí jì mí. Ó rẹlẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Nòfẹ́ńbà

Ẹlẹ́rìn-ín wá sílé, ó borí mọ́jú. Ó ní ọmọ mi wà láàyè, wọn ò lù ú. Ọkọ òun bá a dúró lágbàlá lálẹ́ àná, ìràwọ̀ náà sì ṣe bó ṣe wí.

"Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ ní kì í ṣe *duba*. Bí kì í bá ṣe *duba*, ẹnìkan ló rán an kó máa tan ọ̀rọ̀ kálẹ̀ pé ọ̀gá máa ṣubú. Ẹjọ́ nìyẹn. Bó bá jẹ́ *duba*, màlámù ni. A kì í bá màlámù ṣẹjọ́. Ìwọ ìyá rẹ̀, èwo ni?"

Bàbá wọn wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Mo gbọ́ bí tẹ̀sùbáà rẹ̀ ṣe dúró.

Mo ní *duba* ni.

Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín. Ó dì mọ́ mi.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Nòfẹ́ńbà

Sàláúdéènì ti dé. Jíìpù kan náà ló gbé e wá, ṣùgbọ́n sójà ló ṣílẹ̀kùn fún un lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n gbé àgbò kan sọ̀ kalẹ̀ fún Bàbá wọn. Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó wọlé. Láti àná, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀.

Mo bu oúnjẹ fún Sàláúdéènì. Ó jẹ ẹ́ tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Màmá, mo fi ọsàn méjì ṣàlàyé fún Kàpítéènì. Mo gbé ọ̀kan kọjá níwájú ìkejì. Ó yé e. Ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, ó ní ìṣirò lásán ni, kí n máa múra ilé. Ìgbà náà ni ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó ní òun ti ọ̀dọ̀ yín bọ̀, ẹ ti ní *duba* ni."

Mo kó àwo kúrò níwájú rẹ̀.

Kò bínú. Ì bá ṣe pé ó bínú ni.

"Kàpítéènì ní òun máa ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́bọ̀, kí n wá wo ìràwọ̀ tòun. Ó ní kí n má ṣe tan òun jẹ, ìyá mi ti jẹ́wọ́. Màmá, èwo nínú àwọn ìràwọ̀ ni kí n sọ pé ó jẹ́ tirẹ̀?"