Ìkúnlẹ̀ Tí Ẹ Kọ́ Mi

Màámi,

Ara mi le, Madina ti Gánà níbí tura, mo sì ń jẹun dáadáa. Ẹ má dá àbúrò yín, Àǹtí Àwẹ̀ró, lóhùn tó bá ní mo ti rù.

Ẹ ní kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi. Ẹ̀rọ eré kan ni, wọ́n ń dè é mọ́jú. Kò ní bọ́tìnì, ara lèèyàn fi ń pàṣẹ fún un. Èmi ni mò ń ro ohun tí ara máa ṣe. Mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ wọ ààfin inú eré náà kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Èmi fúnra mi ni mo kúnlẹ̀ níwájú kámẹ́rà tó ń ká ìṣesí ara sínú eré, bí ẹ ṣe kọ́ mi gẹ́lẹ́.

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. "Anago," bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí nìyẹn, "àwọn tó ń ra eré yìí kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni." Idà ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, nítorí náà ọwọ́ òsì ni wọ́n ń jù sí àgbà náà báyìí. Ọmọ Gánà ló sọ bẹ́ẹ̀ o, tí ìyá tiẹ̀ náà ò jẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ òsì!

Wọn ò kúkú da ìkúnlẹ̀ mi nù. Àwọn ẹrú inú eré ni wọ́n fún. Bí ẹni tó ń ṣeré bá gbé idà sí wọn lọ́rùn, bí mo ṣe kúnlẹ̀ ni wọ́n ń kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀.

Mo sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ẹ̀, wọ́n ní kí n lọ sinmi nílé. Ìsinmi náà dùn. Mò ń bá Àǹtí ta ọṣẹ.

Ẹ bá mi kí Bàbá àti gbogbo ará ilé. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ bí mo ṣe ń kí yín yìí, Màámi. Kò sí kámẹ́rà níbí.

Mutmainah